Fọ́máàtì Kọ́ Ni Oògùn Háàdì Dísìkì Tó Kún

Ní ìlú Adó-Èkìtì, láti ìsọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjìgbò àti Òkèyínmi títí dé àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí ó wà lọ́nà Ìwòròkò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ń tẹ iṣẹ́ wọn, ìdáhùn kan náà ni ẹni tí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ bá kún máa ń gbà, ìyẹn ni pé kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Háàdì dísìkì ni àká inú kọ̀ǹpútà, ibi tí Windows fúnra rẹ̀, àwọn ètò tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́, ìwé, àwòrán, orin àti fídíò ń gbé, tí wọn kì í sì í parẹ́ bí iná bá tilẹ̀ lọ. Fífọ́máàtì rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí ó wà nínú àká náà dànù, àti iṣu àti èèpo, kí wọ́n wá tún Windows gbé sínú rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Olùkọ́ ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́ fún òbí rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ̀ ju kí ó tan kọ̀ǹpútà kí ó sì pa á náà ń fi í gba ẹnì kejì rẹ̀ níyànjú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn báyìí, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń dúró yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé àṣìṣe ni, ó sì ń gba ohun tí owó kò lè rà padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń pè ní Orísun Ìmọ̀ tipẹ́.

Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí ń pa fọ́máàtì láṣẹ, nítorí pé wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́máàtì máa ń yára bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe ètò ìkà tí ń yọ́ wọ kọ̀ǹpútà láti ba nǹkan jẹ́, kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìdí òun, fọ́máàtì nìkan ni ó ń gbá a lọ pátápátá. Wọ́n ní fáìlì inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ta ni yóò jókòó máa tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí oníbàárà mẹ́fà mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí iná sì lè lọ nígbàkúgbà? Wọ́n ní iye owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, oníbàárà sì mọ̀ ọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Paríparì rẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò pàdánù ohunkóhun, nítorí pé wọn yóò ti kọ́kọ́ ṣe bákọ́ọ̀pù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọn yóò ṣe ẹ̀dà ìwé àti àwòrán oníbàárà sí ibòmíràn, wọn yóò sì dá wọn padà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹjọ́ náà dùn ún gbọ́, ẹni tí kò bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa lè dá wọn láre.

Ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, inú sáíbà káfẹ́, ilé tí wọ́n ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí-wákàtí, ni ọ̀pọ̀ ará Èkìtì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà káfẹ́ kì í tọ́jú ẹrù ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá lò ó tí ó sì sanwó ti bá tirẹ̀ lọ, dísíkẹ́ẹ̀tì àti fílásì onírúurú ènìyàn sì ń wọ inú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí oníkálukú ń gbé àrùn tirẹ̀ wá. Oníkáfẹ́ tí ó bá ń fọ́máàtì irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó yá, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tí ó sì parí ní 2014, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì ń wọlé ní iye tí agbára olùkọ́ àti oníṣòwò ká, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe kúrò ní káfẹ́ tí ó di ara ẹrù ilé. Oògùn káfẹ́ ni wọ́n sì ń lò fún un títí di òní. Ẹni tí ń tọ́jú gbọ̀ngán ìlú lè da omi sílẹ̀ kí ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá ohun gbogbo síta. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe gbá yàrá tí ìyá rẹ̀ ń sùn?

Bákọ́ọ̀pù ni òpó tí ó gbé gbogbo ẹjọ́ wọn dúró, nítorí náà òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mì wò. Háàdì dísìkì ni ó kún. Kí ni ó kún un? Bí ó bá jẹ́ pé ẹrù oníbàárà ni, tí ẹnjiníà ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síta, tí ó fọ́máàtì, tí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà, háàdì dísìkì náà yóò kún gẹ́gẹ́ bí ó ti kún tẹ́lẹ̀. Kí wá ni wọ́n gba owó lé lórí? Bí kò bá sì kún mọ́, a jẹ́ pé ohun kan wà tí kò padà wọlé. Ta ni ó yan ohun náà? Ta ni ó jókòó tí ó pinnu pé èyí wúlò, èyí kò wúlò, nínú ilé onílé? Bí ó bá sì wá jẹ́ pé pàǹtírí Windows ni ó kún un, kí ni ẹrù oníbàárà ṣe tí wọ́n fi ní láti kó o síta kí wọ́n tó gbá pàǹtírí tí kì í ṣe tirẹ̀? Kò sí ọ̀nà kẹta. Yálà fọ́máàtì náà kò wúlò, tàbí ó jẹ́ ìkóhundànù tí ẹlẹ́rù kò fọwọ́ sí.

Èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìkejì. Ohun tí wọ́n ń pè ní bákọ́ọ̀pù ní ìsọ̀ kì í sábà ju fódà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, fódà sì ni àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí: Desktop, Documents, Pictures, àti Downloads bí oníbàárà bá rántí bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n fódà kan wà tí ń jẹ́ AppData, tí Windows fi pa mọ́ kúrò lójú, inú rẹ̀ sì ni Chrome ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó ń bá olówó rẹ̀ rántí sí. Níbẹ̀ náà ni ètò iTunes sábà máa ń kó ẹ̀dà fóònù iPhone sí, ẹ̀dà tí ó lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí àwòrán ẹni tí ó ti kú ṣì kù sí. Àwọn ètò ìṣirò owó kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oníṣòwò sí inú fódà tiwọn, kì í ṣe inú Documents. Fọ́ǹtì Yorùbá àti àtẹ ìtẹ̀wé tí ènìyàn fi ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà yóò bá omi lọ, ẹni tí ó bá sì ti rí olùkọ́ Yorùbá tí ń wá bí òun yóò ṣe tẹ “ọ̀” lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́máàtì yóò mọ̀ pé ìyà kékeré kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Políteknììkì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dé orí kẹrin lè ti dá fódà tirẹ̀ sílẹ̀ ní tààrà lórí C, nítorí pé ibẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ni yóò rántí wo ibẹ̀? Ìdílé kan lè ní fídíò ọdún Ùdírókò, èyí tí bàbá àgbà ti bọ́ sí ìta ààfin Ẹwì, ọba Adó-Èkìtì, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, kí fódà tí ó wà nínú rẹ̀ sì máa jẹ́ “New folder (3)”. Orúkọ burúkú ni fún ohun iyebíye, àmọ́ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́ ohun iyebíye nìyẹn.

Ìdáhùn kan tí àwọn alátakò máa ń fọ́n sílẹ̀ níbí ni pé ohun tí wọ́n bá fọ́máàtì ṣì ṣeé gbà padà. Ìdajì òótọ́ ni. Fọ́máàtì oríṣi méjì ni ó wà. Èyí tí ó yá, tí ó jẹ́ pé òun ni àwọn ìsọ̀ ń lò, kò ju kí ó ya ojú-ewé atọ́ka inú ìwé dànù, tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣì wà títí wọn yóò fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí; èyí tí ó pẹ́, láti ìgbà Windows Vista, ń fi òdo kún gbogbo ojú-ewé. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe ní kété tí fọ́máàtì yíyá bá parí? Wọ́n ń gbé Windows tuntun lé e, ọ̀pọ̀ gígábáìtì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì bo ohunkóhun tí ó bá wà ní ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí SSD, irú àká tuntun tí kò ní àwo tí ń yí nínú, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Windows a máa sọ fún un pé àyè tí wọ́n fọ́máàtì ti ṣófo, òun náà a sì nu wọ́n mọ́ fúnra rẹ̀, tí ètò agbàfáìlì èyíkéyìí kò ní rí nǹkan kan bá bọ̀.

Ó kan ẹjọ́ ti àkókò, èyí tí ó sọ pé kò sí ẹni tí ó lè tú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fáìlì wò. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n mú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n kọ gígábáìtì 500 sí lára, gígábáìtì sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àyè ìpamọ́. Bí ẹni tí ó ni ín bá ṣí This PC, kò ní rí 500. Nǹkan bíi 465 ni yóò rí, nítorí pé àwọn tí ń ṣe háàdì dísìkì ń fi ẹgbẹ̀rún kan ka tiwọn, Windows sì ń fi 1,024 ka tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó jí ìyókù. Yóò tún rí i pé wọ́n ti pín in sí ọ̀nà méjì, C àti D, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ẹnjiníà. C ni Windows ń gbé, wọ́n sì ti tẹ mẹ́gábáìtì 100000 fún un nígbà tí wọ́n ń pín in (mẹ́gábáìtì 1,024 ni gígábáìtì kan lójú Windows), èyí tí Windows ń fi hàn bí 97.6, gbogbo ìyókù, tí ó lé ní 360, ni D. Ilà tí ó wà lábẹ́ C ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àyè tí ó kù níbẹ̀ kò ju 1.4 lọ. Èyí tí ó wà lábẹ́ D fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, orin díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Háàdì dísìkì náà kò kún rárá. Yàrá kan ni ó kún nínú ilé oníyàrá méjì tí yàrá kejì ṣófo, ẹni tí wọ́n sì pè láti wá wò ó ń dá a lábàá pé kí wọ́n wó ilé!

Kí wọ́n wá fi WinDirStat wo C, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ó ti wà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ètò náà yóò ka gbogbo fáìlì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tẹ́ wọn sójú kọ̀ǹpútà bí aṣọ alákìísà olóríṣiríṣi àwọ̀, tí fáìlì tí ó tóbi jù gba ẹ̀là tí ó tóbi jù. Àìmọye fáìlì kéékèèké yóò ṣù jọ sí igun bí iyanrìn, àwọn ìṣù ńláńlá díẹ̀ yóò sì gba gbogbo ojú, débi pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè nàka sí wọn. Ká ní fódà Windows jẹ́ gígábáìtì 27, èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, Windows.old, 18, Downloads, 24, àwọn ètò, 9, ìwé àti àwòrán, 6, fáìlì tí Windows fi ń ran ìrántí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, 5, Recycle Bin, tí í ṣe ààtàn kọ̀ǹpútà, 4, fáìlì tí ń jẹ́ hiberfil.sys, 3.2. Ó pé 96.2. Kí ni Windows.old? Windows àtijọ́ ni, tí Windows tuntun dì sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn nígbà tí ó gbé ara rẹ̀ ga, kí olówó rẹ̀ lè padà sí i láàárín ọjọ́ 10 bí tuntun kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí tuntun bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ni ó tún ń dúró dè? Disk Cleanup, tí ó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́, yóò kó o dànù bí wọ́n bá tẹ ibi tí ó kọ “Clean up system files” sí. Fáìlì hiberfil.sys ni Windows ń kọ ohun tí ó wà ní ìrántí rẹ̀ sí kí ó tó sùn wọra, ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8 sì sábà máa ń jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí náà. Ẹni tí kì í lo irú oorun bẹ́ẹ̀ lè fi àṣẹ powercfg -h off pa á. Ààtàn wà fún dídà; ohun tí ènìyàn bá pa rẹ́ lójú kò tíì kúrò nínú ilé títí wọn yóò fi da ààtàn.

Fódà Downloads ni ó yẹ kí ènìyàn jókòó tì. Fíìmù tí wọ́n ti inú Telegram gbà sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó gígábáìtì 2, tí wọ́n sì ti wò tán láti ọdún ìjẹta. Ìwé ìdánwò kan náà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èkejì ní (1) lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ̀kẹta ní (2), nítorí pé olówó rẹ̀ kò rántí pé òun ti gbà á rí. Ètò kan tí wọ́n fẹ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà ní 2021 tí wọ́n sì ti gbé e tán. Láàárín gbogbo wọn ni fídíò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wà, èyí tí ẹni tí ó yà á fi 4K yà. Fóònù iPhone tí ó bá ń ya fídíò 4K ní ọgọ́ta àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 400 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 24. Ẹlẹ́rù nìkan ni ó lè wo fódà yìí kí ó sọ pé èyí ń lọ, èyí ń dúró. Èyí tí ó bá dúró, kí wọ́n gbé e lọ sí D tí ó ti ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Bí wọ́n bá gbé Downloads kúrò lódindi, tí wọ́n da ààtàn, tí wọ́n sì kó Windows.old àti hiberfil.sys dànù, gígábáìtì 49.2 ti padà wá. C tí ó ku 1.4 ti ní 50.6, ó lé ní ìdajì. Gbogbo rẹ̀ kò ju àkókò tí wọ́n fi ń gún iyán tí wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ lọ. Fáìlì ẹnikẹ́ni kò sọnù.

Ó yẹ kí wọ́n fi àkókò yìí wé ti fọ́máàtì, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé àkókò ni àwọn alátakò gbé wá. Ẹni tí ó bá ní gígábáìtì 300 ẹrù, ẹ̀dà rẹ̀ síta nípasẹ̀ USB 2.0 lè gba wákàtí mẹ́ta, ìdápadà rẹ̀ yóò gba iye kan náà, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Windows gbígbé kalẹ̀ tún wà níbẹ̀, àti ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti íntánẹ́ẹ̀tì, àti Word, àti àtúnṣe tí Windows yóò máa gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní gígábáìtì-gígábáìtì. Dátà ta ni wọ́n fi ń gbà á? Ẹnjiníà ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, oníbàárà ni ó wà nílé tí ń ra dátà, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà kiri, tí ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé so pọ̀. Àwọn tí ó ní fọ́máàtì kò wọ́n kò ka gbogbo èyí mọ́ ìdíyelé.

Ní ti ìyára, òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọ́máàtì ń yára. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú un yára, fọ́máàtì tàbí òfìfo? Windows nílò àyè láti mí. Fáìlì tí ó fi ń ran ìrántí rẹ̀ lọ́wọ́ nílò àyè láti fẹ̀, àtúnṣe nílò ibi tí wọn yóò tú u sí, ètò tí ń to fáìlì tí ó fọ́ káàkiri jọ sì ń fẹ́ nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àyè kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dójú àmì. Bí wọ́n bá fún un ní àyè náà láìfọ́máàtì, ara rẹ̀ yóò yá. Bí wọ́n bá sì fọ́máàtì láìmọ ohun tí ó kún un, Telegram ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ń gba fíìmù sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, C ṣì jẹ́ 97.6. Ó di oṣù díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà ti padà sí ìsọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àgàgà orí fífọ́ tí yóò tún padà wá bá ọrùn.

Ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì ni ó kù, òun ni wọ́n sì fi ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù. Kíkún kì í ṣe àmì fáírọ́ọ̀sì. Fíìmù ni ó sábà máa ń kún àká, kì í ṣe àrùn. Ká tilẹ̀ gbà pé fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìtẹ̀wé ni èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́tìkọ́ọ̀tì, tí ó máa ń ti inú fílásì wọlé, tí ó ń fi fáìlì gidi pamọ́ kúrò lójú, tí ó sì ń fi àmì èké rọ́pò rẹ̀. Olówó kọ̀ǹpútà yóò ṣí fódà, kò ní rí ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni háàdì dísìkì yóò máa sọ pé òun kún. Ìwé náà kò lọ síbì kankan. Àṣẹ kan ṣoṣo, attrib -h -r -s /s /d, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nínú fódà tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò mú gbogbo wọn jáde, Windows Defender, tí ó ti ń bá Windows wá gẹ́gẹ́ bí aṣọ́nà lòdì sí fáírọ́ọ̀sì láti ìgbà Windows 8 ní 2012, yóò sì lé fáírọ́ọ̀sì náà. Kí ni fọ́máàtì ṣe fún ẹni náà? Fáírọ́ọ̀sì kàn pa ìwé rẹ̀ mọ́ ni; ẹnjiníà ni ó pa á rẹ́. Ibo sì ni wọ́n kó bákọ́ọ̀pù sí? Inú fílásì tí fáírọ́ọ̀sì náà ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n á sì tún fi í dá ẹrù padà sórí Windows tuntun ní ọjọ́ kan náà.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n kúkú ra háàdì dísìkì tí ó tóbi jù. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Háàdì dísìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956, ti kọ̀ǹpútà RAMAC, ní àwo 50 tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ínṣì 24, gbogbo wọn pọ̀ kò sì gbà ju mẹ́gábáìtì 5 lọ, àyè tí àwòrán kan láti inú fóònù òde òní lè má rí ibi dúró sí. Láti ìgbà náà ni àká ti ń tóbi sí i, kò sì sí èyí tí kò kún. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó kún ti àkọ́kọ́ yóò kún ìkejì pẹ̀lú.

Wọ́n gbọdọ̀ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ tà, àti èyí tí Windows rẹ̀ ti kú pátápátá. Kò sí èyí tí ó kan kíkún nínú méjèèjì. Háàdì dísìkì tí ó kún kò ní àìsàn kankan. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, ó ti gbà tán ni, ohun tí ó sì ń béèrè ni kí ẹlẹ́rù wá wo ẹrù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti nu àká tí kò tíì wo inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹnjiníà tí ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ inú ilé tí ó gbọ́n jù, ìbáà jẹ́ olówó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ìsọ̀, tí wọ́n sì dárúkọ fọ́máàtì fún un, kí ó bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹnjiníà, kí ni ẹ rí tí ó kún un?” Bí wọ́n bá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, tí wọ́n nàka sí ìṣù kan báyìí, kí ó jókòó. Bí wọ́n bá tún fọ́máàtì náà pè lẹ́ẹ̀kejì, kí ó ká wáyà rẹ̀, kí ó sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sínú àpò.